Rúlà Ọ̀gá àti Kéú Bàbá Mi

N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa retí pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lọ, màá pàpà ní mo ti dárí jì í. Ó ti kú báyìí. Wọ́n sin ín dáadáa, wọ́n pa màlúù, wọ́n ní olùkọ́ rere lọ. Òṣogbo ni mo wà nígbà tí wọ́n mú ìròyìn náà wá bá mi. Mo ní, "Ó dáa," mo sì ń bó ẹ̀gúsí mi lọ.

Òun ni ọ̀gá ilé ìwé ìjọ kan ní abúlé kan lọ́nà Ìfẹ̀wàrà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Iléṣà ló rán mi lọ síbẹ̀ pé kí n lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ni nígbà náà, ogun kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọdún ìkẹyìn mi ni. Bí mo bá yege nínú ìkọ́ni yẹn, mo di tíṣà Gíréèdì Tuu. Bí n kò bá yege, gbogbo ìwé tí mo ti kà kò sàn ju èyí tí wọ́n fi ń di àkàrà lọ.

Ọ̀gá yìí ló ń darí ilé ìwé, òun náà ló ń wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn kan náà ló sì ń lò fún méjèèjì. Kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn. Àràárọ̀ ni yóò wọ kíláàsì kẹfà, tí wọ́n ní kí n máa kọ́, yóò ké ọ̀rọ̀ kan, yóò sì nàka sí ọmọ kan. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ na ìka sókè láti fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pín sí, kó sì lu àyà rẹ̀ níbi tí ohùn ti wúwo nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ìka bá lé ọ̀kan, tàbí tó bá dín ọ̀kan, rúlà ni. Kì í sì í fi pẹlẹbẹ rúlà lu ọmọ, etí rẹ̀ mímú ló ń lò, lórí egungun ìka.

Ẹ wo ìkà! Ẹnu tiwa kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró pọ̀ láìsí fáwẹ̀lì láàárín wọn. Bí ọ̀gá bá pe "school", súkúù ni ọmọ gbọ́, ìka mẹ́ta ni yóò nà. Gbàù! Bó bá pe "strength", tó jẹ́ ìdá kan péré lójú òyìnbó, ọmọ a na ìka márùn-ún. Gbàù! Gbàù! Kò sí ọmọ Yorùbá láti Ọ̀fà dé Ìjẹ̀bú tí kò ní na ìka márùn-ún. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gan-an, "sitirẹ́ńtì" ló ń pè é. Mo kà á lẹ́nu rẹ̀, márùn-ún ni. Ta ni yóò wá fi rúlà lu òun?

Ti ohùn tó wúwo ló tún burú jù. Nínú èdè tiwa, gbogbo ìdá ọ̀rọ̀ ló ní òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀ tirẹ̀, kò sí èyí tó jọba lé èkejì lórí. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ yan ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀, ó gbé e ka orí àga, ó ní kí àwọn yòókù máa wọ́lẹ̀. Ìwọ ọmọ àgbẹ̀ tí o kò gbọ́ òyìnbó rí, báwo ni wàá ṣe mọ èyí tó wà lórí àga?

Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ náà kì í la ẹnu mọ́. Ọmọ oníkòkó àti ọmọ olóbì ni wọ́n. Ní ìta, ẹnu wọn kì í sinmi, Ìjẹ̀ṣà wọn ń yára débi pé èmi ọmọ Òṣogbo ní láti ní kí wọ́n tún un sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ ulé ùwé, bí wọ́n ṣe ń pè é, wọn a di ère. Ẹni tó bá rí ìka ọwọ́ wọn yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́rùn mi kí n tó máa lọ. Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Àáfà ni bàbá mi, fìlà ni wọ́n ń rán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọmọ ní kéú. Aró ni ìyá mi ń rẹ. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó tún jẹ́ ti onígbàgbọ́, ilé wa dàrú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ilé, fárí gá. Wọ́n ní, "Ọmọbìnrin! Wọ́n á yí i lórí padà. Yóò padà wá láìní ìtìjú lójú, kò ní mọ àgbà mọ́." Bàbá mi bẹ ẹ̀gbọ́n wọn títí, wọ́n sì ṣe àdéhùn lójú gbogbo ilé. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Bó bá padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti ìwà, àbúrò rẹ̀ yóò tẹ̀lé e. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, n kò ní dárúkọ ìwé fún ọmọbìnrin kankan mọ́ nínú ilé yìí."

Àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo nìyẹn. Ọdún tí mo wà lọ́nà Ìfẹ̀wàrà yẹn gan-an ló ń ṣe tán ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀wé jù mí lọ, mo búra. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sílé ló ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti fẹ́ẹ̀ ṣe tán?" Ẹrù ẹni méjì ló wà lórí mi, mo sì mọ̀.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n kọ́ wa pé kí a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sáàárín ìdá ọ̀rọ̀, kí a sì máa kan tábìlì níbi tó wúwo. Mo fa ìlà, mo kan tábìlì. Gbogbo ìgbà tí mo bá kan án ni àwọn ọmọ ń ta gìrì, nítorí rúlà ni wọ́n rò pé ó tún dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá lọ ṣe ìpàdé ní Iléṣà. Ìwé kíkà wa ọjọ́ náà sọ̀rọ̀ nípa kòkó, ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀: "fermentation". Àwọn ọmọ yìí mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tó kọ ìwé lọ. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń da ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó títí yóò fi kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lójú pátákó yìí, kò sẹ́ni tó lè fẹnu kàn án. Wọ́n kàn ń wò ó, èmi náà ń wò ó, oòrùn ń mú.

N kò mọ ìgbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní ilé kéú, a kì í gbé ọ̀rọ̀ gígùn mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ó pe ìdá kan lójú wàláà, igi pẹlẹbẹ tí a ń kọ kéú sí. A ó pe èkejì, a ó padà sẹ́yìn lọ so ó mọ́ èkínní. A ó pe ẹ̀kẹta, a ó tún padà lọ kó wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé, ara ń mì síwájú sẹ́yìn, ohùn ń dún bí orin. Ibi tí ó bá yẹ kí a ti fa ohùn, bàbá mi a na ìka, gbogbo wa a sì tẹ̀ síwájú pa pọ̀. Bí mo ṣe kọ́ kéú nìyẹn kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B.

"Fer," ni mo wí. "Fer-men." Ara mi ń mì. "Fer-men-ta." Ibẹ̀ ló wúwo, mo tẹ̀ síwájú débi pé gèlè mi fẹ́ẹ̀ bọ́. "Fer-men-ta-tion."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín nínú kíláàsì náà. Mo ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá gbè é." Wọ́n gbè é. Kí aago ìparí tó lù, kò sí ẹyọ ọmọ kan tí kò lè pè é, kò sì sí ẹni tó ṣi ibi tó wúwo. Orí ọmọ lè gbàgbé, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gbàgbé ibi tó ti tẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ tó bà wọ́n lẹ́rù mọ́. "Plantation", "independence", "examination", gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń já wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń so padà. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá dìde, ó ní, "Mìísì, bí 'tion' bá ti wà nídìí ọ̀rọ̀, ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ló máa ń wúwo!" N kò sọ ọ́ fún wọn. Òun ló rí i. Mo dì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú gbogbo kíláàsì.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n gbé e dé oko. Bàbá wọn ń la kòkó, wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n ń mi ara, wọ́n ń ké "pro-nun-ci-a-tion" bí ẹni ń ka kéú. Ọ̀gá gbọ́ ọ nígbà tó ń ti ọ̀nà Iléṣà bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí sí ọ́fíìsì.

"Kí ni mò ń gbọ́ pé o ń ṣe nínú kíláàsì?"

"Ìwé ni wọ́n ń kà, sà."

"Ìwé? Ìrun ni wọ́n ń kí! Lábẹ́ òrùlé ìjọ! Lọ́jọ́ tí mo ti rí orúkọ rẹ nínú ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n gbé ìmàle wá bá mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pè wọ́n kí wọ́n kà fún yín. Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ tó bá wù yín."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí ọmọ ilé kéú wá kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń ka Gẹ̀ẹ́sì? Bí mo bá tún rí ọmọ tó mi ara, ìwọ ni màá kọ ìwé nípa rẹ̀."

Ìwé tó ń wí yìí, ó lè kọ ọ́. Ìròyìn rẹ̀ nípa mi wà lára ohun tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó yege. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Orúnkún mi wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ojú bá ń pa ènìyàn, ọkùnrin yẹn ì bá ti kú níbẹ̀. Mo padà sí kíláàsì, mo ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan tábìlì bíi tàná.

Sìpẹ́kítọ̀ dé láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ parí. Òun ló máa wo ìkọ́ni mi, tó sì máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, onígíláàsì, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ara mi balẹ̀. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ mi bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ní kí n kọ́ ọ, kò dára, kò burú. Nígbà tí mo ṣe tán, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó kọ "communication" sójú pátákó. N kò kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Ó ní, "Ta ló lè kà á?"

Ọ̀gá dúró lẹ́bàá fèrèsé, rúlà wà lábíyá rẹ̀. Mo rí i pé àwọn ọmọ ń wo rúlà náà. Mo ní nínú mi pé ó ti parí. Àfi bí ọmọbìnrin ẹ̀yìn yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká díẹ̀díẹ̀. "Com." Ẹnìkejì rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Com-mu." Ó di gbogbo kíláàsì. "Com-mu-ni. Com-mu-ni-ca," gbogbo orí tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, "com-mu-ni-ca-tion!"

Sìpẹ́kítọ̀ kọ "electricity". Èyí kò ní "tion" nídìí. Wọ́n tẹ̀ síwájú níbi "lec", wọ́n mi orí pé kò dùn létí, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú níbi "tri". Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ti Iléṣà dé. Wọ́n bá mú un. Omi ti dé ojú mi.

Sìpẹ́kítọ̀ yíjú sí ọ̀gá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. N kò rí irú èyí rí ní gbogbo agbègbè yìí. Ọ̀nà wo lẹ gbà kọ́ wọn?"

Mo retí pé ojú yóò tì í. Èrò òmùgọ̀! Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ní, "A dúpẹ́, sà. Ọ̀nà tiwa níbí ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Mo kàn ní kí ọmọ yìí náà máa tẹ̀lé e ni."

Mo ní, "Irọ́ ni."

Ẹnu mi ló ti jáde. N kò sì dúró níbẹ̀. Mo ní, "Irọ́ ló ń pa, sà. Ilé kéú bàbá mi ni mo ti mú un wá. Òun gan-an ló ní kí n má lò ó mọ́, ó ní ìrun ni."

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí mo ṣe. A kì í wí fún àgbà pé irọ́ ló pa. Bí àgbà bá ní oòrùn ń ràn lóru, ọmọ tí wọ́n tọ́ a ní, "Bóyá ẹ gbàgbé ni, sà." Ọ̀nà tó wà kò lóǹkà: ẹ ṣèèṣì ni, kò fẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Mo mọ gbogbo wọn, ìyá mi ló kọ́ mi, n kò mú ọ̀kan nínú wọn. Mo pe ẹni tó lè bí mi ní òpùrọ́, lójú ọmọ, lójú àlejò, mo sì tún ń pè é ní "ó" bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni. Àwọn ọmọ fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnì kan nínú wọn ní, "Yéè! Mìísì!"

Sìpẹ́kítọ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kò bínú. Ó rọra ní, "Ọmọbìnrin, ta ló tọ́ ọ?"

Mo ní, "Ẹni tó ni ọ̀nà tí wọ́n fi kà á tí ẹ yìn yẹn ni, sà."

Bó ṣe parí nìyẹn. Èsì dé kọ́lẹ́ẹ̀jì kí n tó padà débẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ mi dára, ìwà mi kò dára, a kò lè fi ọmọ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ àgbà, kí n padà wá ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Sìpẹ́kítọ̀ onígíláàsì, tó bi mí bóyá mo ti jẹun, òun ló fọwọ́ sí i. Títí di òní, n kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo kórìíra jù. Ọ̀gá kò kúkú fi ìgbà kan rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo wọ lọ́rì lọ sí Òṣogbo, mo bọ́ sílẹ̀ ní Òkè Fíà, mo fẹsẹ̀ rìn délé. Bàbá mi ń rán fìlà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé inú wọn yóò dùn pé mo gbà wọ́n lẹ́nu olè.

"O ní o wí fún un pé kí ni?"

"Pé irọ́ ni, bàbá."

"Lójú àwọn ọmọ?"

"Lójú wọn."

"Sùbúhánáláhì." Wọ́n gbé fìlà náà sílẹ̀. "Ṣé mo rán ọ ni? Kéú kì í ṣe tèmi, ti Ọlọ́hun ni. Bí ọmọ onígbàgbọ́ bá ti ibẹ̀ mọ̀wé, kí ló kàn mí nípa ẹni tó gba ìyìn? Ìwé ẹ̀rí ni mo rán ọ lọ gbà. Ìwé ẹ̀rí àti ìwà. Nínú méjèèjì, èwo lo mú bọ̀?"

Wọn kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Inú bí mi sí wọn gan-an, n kò sì lè sọ ọ́.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi pe gbogbo ilé jọ. Wọ́n ní, "Àbí n kò sọ ọ́? Mo ní kò ní mọ àgbà mọ́. Òpùrọ́ ló pe àgbààgbà! Òmíràn ni ẹ tún fẹ́ rán lọ?" Gbogbo ojú yí sí bàbá mi. Wọ́n ti ṣe àdéhùn lójú ilé, wọn kò sì jẹ́ yẹ àdéhùn. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá wa pọn omi aró.

Mo padà lọ lọ́dún kejì. Wọ́n rán mi lọ sí ilé ìwé mìíràn, mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá ibẹ̀ bí ọkùnrin bó bá gbà bẹ́ẹ̀, mo yege, mo di tíṣà. Nígbà tí ó fi di pé ogun ti parí, wọ́n ń mú ọ̀gá ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pé kó wá fi ọ̀nà rẹ̀ han àwọn tíṣà. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ní Iléṣà. Ó ti yọ mímì ara kúrò, àtẹ́wọ́ ló fi rọ́pò rẹ̀. Ìyókù, kéú bàbá mi ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo ti ibẹ̀ lọ bá àbúrò mi tààrà pẹ̀lú ìbínú yẹn. Ó ti lọ́kọ nígbà náà, ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń fi ìko di aṣọ tó fẹ́ rẹ, aró ti kun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbúnwọ́. Mo rojọ́ títí ó fi sú mi. Mo ní, "Olè! Òpùrọ́! Ìwọ náà gbọ́, bó bá jẹ́ ìwọ lo wà ní kíláàsì yẹn, ṣé o lè dákẹ́?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Màá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kó máa fi ohun bàbá wa yangàn?"

"Kó máa fi yangàn. Ẹ̀yin, wọ́n ní kí ẹ padà wá lọ́dún kejì, ẹ sì padà lọ." Ó fi eyín fa ìko náà le. "Èmi ńkọ́? Ta ló ní kí n padà wá?"